Ọkùnrin Tó Sàba Lé Ẹyin Ìjàpá

Ẹ̀yin tí ẹ pé jọ síbí, ṣé ẹ tilẹ̀ mọ ohun tó mú kí àwọn àgbà máa pa á lówe pé ẹni tó bá tú ẹyin ìjàpá wò ni yóò sàba lé e? Ẹ rò ó wò. Ìjàpá kì í sàba. Bí abo rẹ̀ bá yé ẹyin tán, yóò fi ẹsẹ̀ wọ́ yẹ̀pẹ̀ bò ó, yóò sì bá tirẹ̀ lọ láì bojú wẹ̀yìn. Ilẹ̀ àti oòrùn ni yóò ṣe ìyókù. Ta ló wá sàba nígbà náà? Ìlú Ìdí-Ọsàn ni ọ̀rọ̀ náà ti ṣẹlẹ̀.

Alàgbà Oyèdìran ni wọ́n ń pe ọkùnrin náà. Ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ omi-ẹ̀rọ. Nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń sin adìyẹ, ó ní ìjàpá ni òun yóò máa sìn, ìjàpá igbó ilẹ̀ wa yìí gan-an, èyí tí èèpo ẹ̀yìn rẹ̀ ń padé mọ́ ẹsẹ̀ ẹ̀yìn bí ìlẹ̀kùn. Kò sì rà á lọ́wọ́ ọdẹ. Ó kọ̀wé sí ìjọba, ó dúró títí àṣẹ fi jáde, wọ́n sì fún un ní akọ kan àti abo kan. Ó fi gíláàsì bo ìwé àṣẹ náà, ó gbé e kọ́ sí pálọ̀, lókè àwòrán ìgbéyàwó rẹ̀. Ìyá Dúnní, aya rẹ̀, rí i, ó nu eruku ara àwòrán náà, ó bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ.

Ṣùgbọ́n àṣẹ náà ní gbèdéke. Arábìnrin Ọ̀ṣúnlékè, òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó ẹran igbó, sọ fún un pé nígbà tí òun bá padà wá lọ́dún tó ń bọ̀, bí òun kò bá bá ọmọ ìjàpá nínú ọgbà rẹ̀, òun yóò kó méjèèjì lọ fún ẹni tó mọ̀ ọ́n sìn. Ó wá kìlọ̀ fún un.

“Bàbá, bó bá yé, ẹ má tú u wò o. Ilẹ̀ mọ iṣẹ́ rẹ̀.”

Alàgbà ní òun ti gbọ́. Ó gbọ́ lóòótọ́.

Nígbà tó yá, abo ìjàpá yé ẹyin mẹ́rin sẹ́yìn ilé, lẹ́bàá ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀, ó sì bò ó. Inú Alàgbà dùn débi pé ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbélé mọ́. Ó gba ìsọ̀ Ràímì aránṣọ lọ, ó kéde ọ̀rọ̀ náà bí ẹni tí aya rẹ̀ bí ìbejì. Ní Ìdí-Ọsàn, ta ni yóò gbọ́ irú ìròyìn bẹ́ẹ̀ tí kò ní yà wá kí i? Kí ilẹ̀ tó ṣú, àwọn èèyàn ti ń wọlé, wọ́n ń kí i kú ewu ọmọ. Ràímì mú ọṣẹ ìwẹ̀ lọ́wọ́. Ó jókòó, ó mu omi, kò dìde.

“Alàgbà, a kì í wá kí ọmọ tuntun ká má rí ojú ọmọ.”

“Abẹ́ ilẹ̀ ni wọ́n wà, Ràímì. A kì í tú wọn.”

“Ó dáa bẹ́ẹ̀. Àwọn kan kàn lè máa sọ pé kò sí nǹkan kan níbẹ̀ ni.”

“Àwọn wo?”

“Èmi kọ́ o. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ wọ́n.”

Ọ̀rọ̀ yìí wọ Alàgbà lára ju òtútù lọ. Ó mú Ràímì lọ sẹ́yìn ilé, ó fi ìka gbá yẹ̀pẹ̀ kúrò díẹ̀díẹ̀, ó tilẹ̀ gbé ẹyin kan sókè sí ìmọ́lẹ̀. Ràímì kan sáárá sí i. Alàgbà dá ẹyin padà, ó bo ilẹ̀. Àbí ẹni tó fi ọmọ han aránṣọ, ṣé yóò ní kí àwọn olórin ìjọ máa lọ láì rí i? Wọ́n dé, ó tú u. Àna rẹ̀ dé, ó tú u. Ó di pé kí àlejò tó kí i tán, ó ti ń ká apá aṣọ.

Ìgbà tí ilẹ̀ ibẹ̀ rọ̀ bí èlùbọ́ ni àwọn adìyẹ àdúgbò mọ̀ ọ́n. Ẹ mọ bí adìyẹ ṣe fẹ́ràn láti máa fi erùpẹ̀ wẹ̀. Alàgbà lé wọn, wọ́n padà. Ó dé agbọ̀n lé e, ewúrẹ́ da agbọ̀n nù. Ó fi òkúta yí i ká, ewúrẹ́ náà lọ mú ọmọ rẹ̀ wá, àwọn méjèèjì dùbúlẹ̀ sí àárín òkúta bí ẹni tí wọ́n tẹ́ ẹní fún. Nígbà tí ẹ̀mí rẹ̀ kò balẹ̀ mọ́, Alàgbà gbé àpótí ìjókòó rẹ̀ wá, ó gbé e lé orí ihò náà, ó sì jókòó.

Kò sì lè dìde mọ́. Bó bá ti nà díẹ̀ báyìí, adìyẹ yóò ti na ọrùn. Ibẹ̀ ló ti ń jẹun, ibẹ̀ ló ti ń fá irùngbọ̀n. Ẹgbẹ́ àwọn òṣìṣẹ́fẹ̀yìntì fẹ́ fi í jẹ alága. Ó ránṣẹ́ pé òun kò lè wá, ni wọ́n bá gbé ìpàdé wá sí ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀, wọ́n sì fi í jẹ ẹ́ lórí àpótí náà. Ìyá Dúnní ní òjìji rẹ̀ ń dí ẹyin lọ́wọ́ oòrùn. Alàgbà dá a lóhùn pé ìdí àgbàlagbà náà ní ooru tirẹ̀.

Bí Arábìnrin Ọ̀ṣúnlékè ṣe dé bá a nìyẹn. Ó kúnlẹ̀ kí i, Alàgbà dáhùn, kò dìde. Obìnrin náà béèrè ọmọ ìjàpá, Alàgbà ní wọ́n ń bọ̀. Ojú òṣìṣẹ́ náà yí padà. Ó ti rí àwọn tó ń kó ìjàpá igbó pamọ́ sábẹ́ nǹkan rí.

“Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde lórí àpótí yẹn.”

“Ọmọ mi, ẹ má bínú. Mi ò lè dìde.”

“Tí ẹ ò bá dìde, mò ń kó àwọn ìjàpá yín lọ lónìí.”

Alàgbà wo adìyẹ, ó wo obìnrin náà. Omi lé ròrò sí i lójú. Ó fi ọwọ́ méjèèjì ti orúnkún, ó dìde, ó sì gbé àpótí kúrò. Ilẹ̀ ti là. Orí kékeré kan, tí kò ju èso iyeyè lọ, ti yọ síta, ó ń ṣẹ́jú sí oòrùn. Òmíràn ń fi èékánná ti yẹ̀pẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ̀kẹta tẹ̀ lé wọn. Èyí tí Alàgbà gbé sókè fún Ràímì nìkan ni kò pa.

Arábìnrin Ọ̀ṣúnlékè bẹ̀rẹ̀ wo àwọn ọmọ náà. Ó ní ta ló kọ́ bàbá láti máa sàba lé ẹyin ìjàpá. Ìyá Dúnní ló fèsì.

“Ìyá wọn yé wọn, ó bò wọ́n, ó bá tirẹ̀ lọ. Ẹni tó tú wọn wò ló sàba lé wọn.”

Obìnrin náà rẹ́rìn-ín títí ó fi di ara igi ọ̀gẹ̀dẹ̀ mú, ó sì fi ọdún mìíràn kún àṣẹ náà. Gbogbo Ìdí-Ọsàn gbọ́, wọ́n fi ṣe yẹ̀yẹ́. Alàgbà kò tilẹ̀ tijú. Ó gbé àwọn ọmọ náà sí àtẹ́lẹwọ́, ó rìn gba iwájú ìsọ̀ Ràímì kọjá bí ọba tuntun, ó dúró, ó wo àwọn tó ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan.

“Ẹ̀yin tí ẹ ń rẹ́rìn-ín yìí, èwo nínú yín ló ti sàba títí ẹyin fi pa rí?”

Ìdí nìyẹn tí àwọn àgbà fi sọ ọ́, tí ẹnikẹ́ni kò sì lè jà wọ́n níyàn: ẹni tó bá tú ẹyin ìjàpá wò ni yóò sàba lé e.