Eyín Tó Gba A

Bí Ọ̀gá Ẹ̀rín bá rẹ́rìn-ín sí ọ láàárọ̀, o ò nílò iná mọ́ títí di ọ̀sán. Eyín rẹ̀ funfun, ó tò bí ọmọ ilé ìwé tó ń retí ẹgba, kò sì sí ẹyọ kan tí Ọlọ́run dá níbẹ̀. Àtọwọ́dá ni gbogbo wọn. Ó fẹ́ràn wọn débi pé bó bá lọ kí ọlọ́fọ̀, ẹ̀rín ló fi ń bá a kẹ́dùn.

Òun ni ọ̀gá kọ́lẹ́ẹ̀jì kan tí wọ́n ti ń kọ́ni bí wọ́n ṣe ń ṣe irú eyín bẹ́ẹ̀. Afimáàkì-tọrẹ! Baba Ẹnìkan-kì-í-fìdí-rẹmi! Àkọlé ẹnu ọ̀nà rẹ̀ ga ju ilé ẹ̀kọ́ náà lọ: GBOGBO ỌMỌ WA LÓ Ń GBA A. Kọ́lẹ́ẹ̀jì òdìkejì títì ló ń bá wí, níbi tí àwọn olùkọ́ ti ń ṣahun máàkì bí ẹni pé àpò ara wọn ni wọ́n ti ń yọ ọ́.

Lọ́jọ́ ìforúkọsílẹ̀, gbọ̀ngàn kún fọ́fọ́. Àwọn ìgbìmọ̀ ti kìlọ̀ fún ọ̀gá pé bí ọgọ́rùn-ún ọmọ ò bá forúkọ sílẹ̀ lọ́jọ́ náà, àwọn á ti ilé ẹ̀kọ́ pa, kó wá ibòmíràn rẹ́rìn-ín lọ. Ó wá gbá gbohùngbohùn mú. Ó ní irú òbí wo ló máa fa ọmọ lé ìkà lọ́wọ́, kí wọ́n fi C dá a lóró fún ọdún mẹ́ta? Àwọn òbí mi orí. Ọwọ́ ti ń nà sí fọ́ọ̀mù.

Ìyá àgbà kan dìde, aránṣọ ni. Ọmọ-ọmọ rẹ̀ obìnrin ti fi odidi ọ̀sẹ̀ kan bẹ̀ ẹ́ kó mú òun wá síbí, nítorí ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan gba A níbẹ̀ láìṣí ìwé. Màmá ní eyín ọ̀gá wu òun.

“Ta ló bá yín ṣe é?”

Ká ní ọ̀gá dákẹ́ ni. Ṣùgbọ́n ta ló máa yin eyín Ọ̀gá Ẹ̀rín tí kò ní gbọ́ ìtàn rẹ̀?

“Màmá, ojú yín ríran. Ọkùnrin tó ṣe é, ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n dá a padà lórí ìdánwò kan ṣoṣo kí wọ́n tó fún un ní C. Ọwọ́ ẹ̀ ò lè gbọ̀n mọ́ láyé. Òun gan-an ló ń kọ́ àwọn ọmọ iṣẹ́ náà báyìí.”

“Níbo nìyẹn?”

Ìka ọ̀gá ti nà sí òdìkejì títì kí ọpọlọ rẹ̀ tó lé e bá.

“Àwọn tiyín tó ń gba A ńkọ́?”

“Ẹnu tèmi kọ́ ni wọ́n á fi kọ́ṣẹ́, màmá.”

Ẹnìkan pòṣé. Ẹlòmíràn bú sẹ́rìn-ín. Níwájú, akẹ́kọ̀ọ́jáde tó gba A jù lọ dìde, àmì-ẹ̀yẹ ń fì láyà rẹ̀. Ojú ń tì í.

“Mo ṣe odidi eyín kan fún yín nígbà tí mò ń jáde, sà. Ẹ ní ó ti dáa jù fún oúnjẹ.”

Wọ́n lọ gbé e wá látinú àpótí onígíláàsì. Àwọn òbí ti ń kó báàgì, kí ni ọ̀gá fẹ́ ṣe? Ó yọ tirẹ̀ sápò, ó ki ti A sẹ́nu.

Ó wọlé o. Jíjáde ló kọ̀. Ẹnu ò pa dé, kò sì ṣeé ṣí ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ó fẹ́ ní kí wọ́n má lọ, súfèé ló jáde.

Kí màmá tó sọ̀rọ̀, ọmọ-ọmọ rẹ̀ ti gbé báàgì. “Màmá, ẹ jẹ́ ká lọ gba C.”

Ní ọ̀sán ọjọ́ náà, ìlà òdìkejì títì gùn dé kọ̀rọ̀. Ọ̀gá Ẹ̀rín wà nídìí rẹ̀ pátápátá, áńkáṣíìfù lẹ́nu, ó ń wá ọkùnrin tí wọ́n dá padà lẹ́ẹ̀mẹta. Nígbà tó kàn án, akọ̀wé kò tilẹ̀ gbójú sókè tó fi na fọ́ọ̀mù kan sí i.

“Bàbá, ẹ kọ orúkọ yín síbí. Ẹ má retí A o.”

Ẹ̀rín nìkan ni eyín náà gba ọ̀gá láyè láti ṣe.