Ìtàn Bàbá Bámijókò Tó Pòórá Nínú Kọ̀ǹpútà Méjì

Ẹjọ́ tó dé ààfin wa lánàá, ẹ̀rín ni mo kọ́kọ́ fi gbà á, kí n tó rí ojú Adéjọkẹ́. Ó ti sunkún títí ojú rẹ̀ fi wú. Tíṣà ni ní Ìsẹ̀. Àbúrò rẹ̀, Akínpẹ̀lú, òṣìṣẹ́ ìjọba ní Ìkéré, ló pè lẹ́jọ́. Bàbá tó bí wọn, Bàbá Bámijókò, jókòó sáàárín àwọn méjèèjì.

"Kábíyèsí, odidi ọdún kan ni mo fi gba ohùn bàbá wa sílẹ̀, tí mo ń tẹ ìtàn ayé wọn sínú kọ̀ǹpútà. Ìwé ni mo fẹ́ fi ṣe fún ọjọ́ ìbí wọn. Akínpẹ̀lú ti pa gbogbo rẹ̀ rẹ́!"

"Akínpẹ̀lú, ṣé o wọ ulé rẹ̀ ni?" ni Kábíyèsí bi í.

"Rárá o, Kábíyèsí! N kò kúrò ní Ìkéré. Nínú kọ̀ǹpútà tèmi, nínú yàrá tèmi, ni mo ti pa fáìlì tèmi rẹ́. Bí a bá pín uṣu oko bàbá wa, tí mo sun tèmi jẹ, ṣé ti ẹ̀gbọ́n mi ló tán?"

Gbogbo ìjòyè ló mi orí. Ọ̀rọ̀ náà bọ́gbọ́n mu létí àgbẹ̀.

Wọ́n pe Sunday, tó so kọ̀ǹpútà méjèèjì pọ̀ fún wọn.

"Kábíyèsí, wọn ò pín nǹkan kan. Orí íńtánẹ́ẹ̀tì ni mo ṣe ibi ìpamọ́ sí. Àká kan ni, ilẹ̀kùn méjì. Bí ẹnìkan bá kó uṣu gba ilẹ̀kùn Ìkéré, ẹni tó bá ṣí ti Ìsẹ̀ á bá àká lófìfo."

"Ṣé o ṣàlàyé bẹ́ẹ̀ fún un?"

"Mo ṣàlàyé, Kábíyèsí."

Akínpẹ̀lú fò dìde. "Irọ́ ni! Ó ní kí n fọkàn balẹ̀, pé kò sí ohun tó lè sọnù níbẹ̀!"

Sunday họ orí. "Mo sọ ìyẹn náà."

"Akínpẹ̀lú, kí ló dé tó o fi pa á rẹ́?"

"Kábíyèsí, ohùn Bàbá ti kún inú ẹ̀rọ, ó ń mí hẹlẹ. Àánú ẹ̀rọ ló ṣe mí. Mo sì ń wá àyè fún ìwàásù."

Joy, ìyàwó Akínpẹ̀lú, ẹni tí òun fúnra rẹ̀ mú wá ṣe ẹlẹ́rìí, la ẹnu. "Dádì Pẹ̀lúmi, ìwàásù wo ni wọ́n ti ń yìnbọn fúnra wọn?"

Ààfin bú sẹ́rìn-ín.

Sunday tún ní, "Ohun tí wọ́n bá pa rẹ́ máa ń kọ́kọ́ bọ́ sínú agbọ̀n ìdọ̀tí inú ibi ìpamọ́ náà. A lè yọ ọ́ níbẹ̀."

Adéjọkẹ́ gbójú sókè.

"Mo ti da ìyẹn náà nù," ni Akínpẹ̀lú wí. "Ṣé ọ̀bùn ni mí?"

Adéjọkẹ́ bú sẹ́kún. "Bàbá ti ń dàgbà, Kábíyèsí. Bí wọ́n bá lọ gbàgbé ńkọ́? Ohun tó bá ti ṣe ọ̀kan ti ṣe ìkejì, kò sí ibi tí mo lè sá sí!"

Àánú rẹ̀ ṣe mí, n kò purọ́.

"Bàbá," ni Kábíyèsí rọra bi í, "ṣé ẹ ti gbàgbé?"

"Èmi kẹ̀? Kódà, ibi tí mo fò fún Adéjọkẹ́, mo ti rántí rẹ̀ báyìí."

Ẹ̀rù ba ààfin. Gbogbo wa la mọ̀ pé ẹni tó bá yà kí Bàbá lọ́nà oko, oko ọjọ́ náà ti di ọ̀la.

Kábíyèsí wú ikọ́. "Akínpẹ̀lú, ulé Bàbá lo ti máa lo ìsinmi rẹ lẹ́nu uṣẹ́. Wọ́n á tún ìtàn náà sọ látìbẹ̀rẹ̀, ìwọ lo máa tẹ̀ ẹ́. O ò gbọdọ̀ sọ pé o ti gbọ́ ọ rí. Bó o bá tòògbé, kí Bàbá padà síbi tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀."

Akínpẹ̀lú dọ̀bálẹ̀ gbalaja. "Kábíyèsí, ẹ kúkú tì mí mọ́lé!"

Adéjọkẹ́ ṣe àṣìṣe kan: ó rẹ́rìn-ín.

"Ìwọ náà á jókòó tì í."

"Èmi? Kí ni mo ṣe, Kábíyèsí?"

"Ṣé ìwọ lo ní ohun tó bá ti ṣe ọ̀kan ti ṣe ìkejì?"

Inú Bàbá dùn dẹ́yìn. Wọ́n tún ọ̀nà ọ̀fun ṣe. "Kí n tó dé orí ara mi, ẹ jẹ́ kí n sọ bí bàbá bàbá mi ṣe fẹ́yàwó..."

Kábíyèsí ló kọ́kọ́ dìde. Kí n tó rí bàtà mi, ìjòyè kan ò kù níjòókòó.

Mo gba iwájú ilé Bàbá kọjá láàárọ̀ yìí. Àwọn ọmọ méjèèjì wà níbẹ̀, Akínpẹ̀lú ń tẹ̀ ẹ́ lọ. Wọn ò tíì bí Bàbá.