Ihò Èéfín Àkànmú

Ṣé ẹ mọ ìdí tí àwọn àgbà fi ń pa òwe pé, "Ihò tí a lu fún èéfín, ọ̀rọ̀ a máa gba ibẹ̀ jáde"? Ẹ̀yin tí ẹ ń mi orí yẹn, ẹ rọra. Ẹ ò mọ̀ ọ́n. Ọ̀rọ̀ Àkànmú ni, Àkànmú agbo-ilé Akíntáyọ̀, ọkùnrin tó fẹ́ jẹ Mọ́gàjí lé gbogbo ẹbí lórí, ṣùgbọ́n tí kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni nínú ẹbí bá òun jẹun.

Àṣà kan wà ní agbo-ilé yẹn tó ti pẹ́: bí òórùn ọbẹ̀ rẹ bá dé imú àgbà, o gbọ́dọ̀ bu díẹ̀ fún un. Kò dun ẹnikẹ́ni àfi Àkànmú. Ẹ̀rọ tó gbé kọ́ sókè sítóòfù gáàsì rẹ̀ láti máa fa èéfín ti gbó, ojúde gan-an ló sì ń fẹ́ òórùn sí. Bí Mosúnmọ́lá ìyàwó rẹ̀ bá ti da irú sínú epo báyìí, Baba Adélakùn, àgbà pátápátá ilé náà, á ti wúkọ́ lẹ́nu ọ̀nà. Ikọ́ náà kì í sàn títí abọ́ ọbẹ̀ yóò fi dé.

Ó sú Àkànmú. Ó ra ẹ̀rọ tuntun tó lágbára, ó sì pe Múfú tó ń bá èèyàn so irú rẹ̀ mọ́ ògiri.

"Dí ihò àtijọ́ yẹn pa," ló wí. "Ògiri ẹ̀yìn ni kí o lù. Páìpù gbàǹgbà ni kí o fi síbẹ̀, kó sì lọ tààrà."

"Ẹ̀gbọ́n, kí ló wà lẹ́yìn ògiri ọ̀hún?"

"Igbó ni. Alángbá ni yóò máa gbóòórùn ọbẹ̀ mi."

Òótọ́ ló sọ, igbó ni lọ́jọ́ náà. Ṣùgbọ́n Àkànmú kì í lọ sí ìpàdé ẹbí, torí ó gbà pé ibi tí ẹbí bá ti pàdé, oúnjẹ ni wọn yóò bèèrè. Ìpàdé tó sá fún yìí ni wọ́n ti fẹnu kò pé kí wọ́n ṣán igbó ẹ̀yìn ilé rẹ̀, kí wọ́n pa àtíbàbà síbẹ̀, torí ibẹ̀ tutù. Abẹ́ àtíbàbà yẹn ni wọn yóò ti yan Mọ́gàjí. Ògiri ẹ̀yìn kò ní fèrèsé, ibi iṣẹ́ sì ni Àkànmú wà nígbà tí wọ́n ṣe é. Kò mọ nǹkan kan.

Ohun tó mọ̀ ni pé Sátidé ni wọn yóò yàn, àti pé orúkọ òun ló wà lẹ́nu wọn. Ó wá ra odidi ọ̀yà kan láti fi bá ara rẹ̀ yọ̀. Nígbà tí Sátidé pé, Mosúnmọ́lá gbé e kaná, ó tan ẹ̀rọ, ẹ̀rọ náà sì ń bú bí ẹ̀rọ alọta. Bí wọn ò bá pariwo, wọn ò lè gbọ́ ara wọn.

Lẹ́yìn ògiri, òórùn ọ̀yà dé bá àwọn àgbà tó ti jókòó ìpàdé lábẹ́ àtíbàbà. Baba Adélakùn ò tilẹ̀ rántí wúkọ́.

"Ẹ ò rí nǹkan!" ló wí. "Ọmọ tí à ń ṣiyèméjì lé lórí, ó ń dáná ìpàdé fún wa!"

Baba Látẹ́jú, tó ti ń sọ láti àárọ̀ pé ahun ni Àkànmú, gbé itọ́ mì, ó ní òun kó ọ̀rọ̀ òun jẹ. Oyè ti já mọ́ Àkànmú lọ́wọ́, ó ku kí wọ́n ránṣẹ́ pè é.

Nílé ìdáná, Mosúnmọ́lá lọgun: "Bàbá Dúrósinmi, ẹ jẹ́ kí n bu díẹ̀ fún Baba Adélakùn! Ẹ ṣe bí ẹni tó ń wá oyè!"

"Fún ta ni?" Àkànmú náà lọgun. "Àwọn arúgbó ọ̀jẹun yẹn? Kí wọ́n fi mí jẹ Mọ́gàjí ná!"

Ibẹ̀ ni iná ti lọ. Ẹ̀rọ dákẹ́ lójijì, ṣùgbọ́n ẹnu tó ti gbóhùn sókè kò mọ̀ pé iná ti lọ.

"Bí wọ́n bá tún wúkọ́ lẹ́nu ọ̀nà mi, oògùn ikọ́ ni n ó bù fún wọn!"

Lẹ́yìn náà ni ikọ́ kan dún nínú ẹ̀rọ, lókè ìkòkò ọbẹ̀.

"Àkànmú."

Ohùn Baba Adélakùn ni. Ìbẹ̀rù mú Àkànmú, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú sítóòfù.

"Ẹ káàsán, Baba."

"Ṣé ọ̀yà náà ti jinná?"

"Ó ti jinná, Baba."

"Gbé ìkòkò náà bọ̀ lẹ́yìn ilé. Má gbàgbé oògùn ikọ́."

Ó gbé e lọ lóòótọ́. Wọ́n jẹ ẹ́ tán, wọ́n ní ata rẹ̀ ṣe déédéé, wọ́n lá ọwọ́, wọ́n gbàdúrà fún ẹni tó sè é. Wọ́n sì fi Àjàní, àbúrò rẹ̀, jẹ Mọ́gàjí.

Kí ilẹ̀ tó ṣú, Àkànmú ti ránṣẹ́ sí Múfú pé kó wá fi sìmẹ́ǹtì dí ihò náà. Múfú dí i, ibẹ̀ sì dán mọ́rán.

"Ó ti dí pa, ẹ̀gbọ́n," ló wí. "Ṣùgbọ́n ohun tó ti bá ibẹ̀ jáde kò sí lọ́wọ́ mi o."

Ẹ̀yin náà ẹ wò ó. Èéfín tí Àkànmú tìtorí rẹ̀ lu ògiri ti fò lọ, kò sẹ́ni tó rántí rẹ̀ mọ́. Ọ̀rọ̀ oògùn ikọ́ ni wọ́n ṣì ń fi ṣẹ̀fẹ̀ ní agbo-ilé Akíntáyọ̀. Ẹ jẹ́ kí àgbà pa á, kí ọmọdé gbọ́: ihò tí a lu fún èéfín, ọ̀rọ̀ a máa gba ibẹ̀ jáde.