Pósítà Baba Oníbúrẹ́dì

Akínwálé Fálẹ́yẹ, ẹni ọdún mẹ́rìnléláàádọ́ta, ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ tó fẹ̀yìn tì ní Ìṣẹ́-Èkìtì, tó wá di oníbúrẹ́dì: ìròyìn tó dé kẹ́yìn nípa rẹ̀ ni pé kò tíì kú.

Ẹ jẹ́ ká kí i ná. Fálẹ́yẹ, a-wo-dígí-gbàgbé-ààrò, ọkùnrin tó ń ya fọ́tò kó tó fọ ẹnu.

Ní ọdún kejì tí a gba ìpínlẹ̀ wa, búrẹ́dì kan bẹ̀rẹ̀ sí í wọ̀lú láti Ìkẹ́rẹ́. Ó rọ̀, ó sì tóbi. Àwọn oníbàárà Fálẹ́yẹ ń yọ́ lọ. Motọ́láyọ̀, ìyàwó rẹ̀, tó ń po ìyẹ̀fun, kó owó tó ṣẹ́ kù sílẹ̀ fún ìpolówó ọjà. Bí wọ́n bá ṣì í ná, iná ààrò kú nìyẹn.

"Bàbá Folúkẹ́, ẹ jẹ́ ká fi ṣe búrẹ́dì kéékèèké, ká pín in fún àwọn tíṣà. Bí wọ́n bá tọ́ ọ wò, wọn á padà wá."

"Ká máa pín búrẹ́dì bí ẹni ń ṣe sàráà? Ojú lọ̀rọ̀ wà. Pósítà la ó ṣe."

"Ẹnu ni wọ́n fi ń jẹ búrẹ́dì o, wọn kì í fi ojú jẹ ẹ́."

Fálẹ́yẹ kó gbogbo owó náà lọ bá atẹ̀wé kan ní Adó. Ìyẹn wo fọ́tò rẹ̀ nínú agbádá.

"Bàbá, búrẹ́dì dà?"

"Èmi ni búrẹ́dì náà."

"Orúkọ ilé iṣẹ́ yín ńkọ́?"

"Á gba àyè fìlà mi."

Owó ò ká aláwọ̀ mèremère, dúdú àti funfun ni wọ́n tẹ̀. Fálẹ́yẹ ní kí wọ́n fi ìlà dúdú tó nípọn yí i ká, kó lè níyì. Òun náà ló pe ọ̀rọ̀ abẹ́ rẹ̀: "Akínwálé Fálẹ́yẹ. Baba tó bọ́ Ìṣẹ́ àti Emùré. A kò ní gbàgbé rẹ̀ láé."

Ní Sátidé, wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri láti Ìṣẹ́ dé Emùré.

Ní ilẹ̀ wa, irú ẹni méjì péré là ń lẹ ojú wọn mọ́ ògiri: ẹni tó ń du ipò, àti ẹni tó ti lọ. Fálẹ́yẹ ò sì du ipò kankan.

Láàárọ̀ Mọ́ńdè, ó wọ agbádá inú fọ́tò, ó jókòó sí pálọ̀, ó ń retí èrò. Èrò dé lóòótọ́, ọkọ̀ kan kún láti Emùré. Aṣọ dúdú ni gbogbo wọn wọ̀.

"Ṣé o rí ohun tí pósítà ṣe?" ó bi ìyàwó rẹ̀.

Màmá Elizabeth, olórí àwọn tó ń ta búrẹ́dì kiri, ló kọ́kọ́ wọlé, tẹkúntẹkún. "Motọ́láyọ̀, pẹ̀lẹ́. Ọlọ́run á dúró ti ulé yìí. A ti ní kí ẹnikẹ́ni má ta búrẹ́dì yín títí a ó fi sin bàbá."

Ó gbójú sókè. Ó rí òkú lórí àga.

Ẹkún dá. "Bàbá Folúkẹ́, kí lẹ wá ń ṣe níhìn-ín?"

"Búrẹ́dì ni mo ń polówó."

"Búrẹ́dì wo? Fìlà nìkan la rí."

Ẹnì kan bú sẹ́rìn-ín lẹ́yìn. Ẹ̀rín náà ran gbogbo ilé, ó ran àwọn ọlọ́kadà tó wà níta.

Motọ́láyọ̀ nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀yin ìyá mi, ó kúkú ṣì wà láàyè. Ẹ wá kó búrẹ́dì wa."

"À á kó o tó bá di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀," ni Màmá Elizabeth wí. "Ti àìsùn rẹ̀, a ti sanwó búrẹ́dì fún ará Ìkẹ́rẹ́. Kò sì ní dá a padà."

Wọ́n ti sọ àìsùn náà di ìdúpẹ́. Ọjọ́ Ẹtì tó ń bọ̀ ni, ní ìrọ̀lẹ́, nínú ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì. Fálẹ́yẹ ti gbà láti wá. Òun ni yóò gé búrẹ́dì Ìkẹ́rẹ́ fún àlejò.