Ọjọ́ Tí Mo Fi Orúnkún Mi Jẹ́rìí

Ọjọ́ kan wà tí kò ní tán lọ́kàn mi títí màá fi wọ káà ilẹ̀. Ọjọ́ náà ni mo lóṣòó, tí mo dìde, tí mo tún lóṣòó, níwájú àwọn àgbààgbà nínú gbọ̀ngàn ìjọ wa ní Bódìjà, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni bẹ̀ mí.

Ìparí àwọn ọdún 1980 ni, ìgbà tí náírà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń fúyẹ́. Táyà ni mò ń tà ní Challenge, òwò tiwa kì í sì í falẹ̀: a tà á, a gbowó, ó parí. Dókítà Mopélọ́lá, obìnrin apoògùn kan tó ń kọ́ni ní yunifásítì, dá ilé-iṣẹ́ kékeré kan sílẹ̀ tó ń fi ewé ṣe oògùn oníhóró fún oríkèé ríro. Àwa mélòó kan nínú ìjọ, tíṣà, òṣìṣẹ́ fẹ̀yìntì, ọlọ́jà bíi tèmi, fowó wa dókòwò níbẹ̀. Ọdún ń gorí ọdún, wọn ò tíì ta hóró kan. Tá a bá béèrè, èsì kan náà ni: àwọn ṣì ń dán an wò lára àwọn aláìsàn ní ilé ìwòsàn kékeré kan l'Ókè-Àdó. Mo ń sọ kiri pé ẹni tó ń se ẹ̀wà gan-an ì bá ti sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Nígbà tó yá, a dájọ́ ìpàdé: bí àlàyé rẹ̀ ò bá tẹ́ wa lọ́rùn, a ó kówó wa jáde, ilé-iṣẹ́ náà á sì ti ilẹ̀kùn. Èmi ni mo pariwo jù.

Orúnkún ọ̀tún mi ti ń ro mí tipẹ́. Mo wá rò ó pé kí ló dé tí n ò fi lọ síbẹ̀ bí aláìsàn, kí n fojú ara mi rí i? Mo wọ ẹ̀wù tí mo fi ń kun ilé, mo gbé ọkọ̀ mi sí Dùgbẹ̀ kẹ́nikẹ́ni má baà rí i, mo sì fẹsẹ̀ rìn lọ sí Òkè-Àdó. Kí n tó débẹ̀, orúnkún mi ti ń bẹ̀bẹ̀. Nọ́ọ̀sì béèrè iṣẹ́ mi, mo ní bíríkìlà ni mí. Ó ní Olúwa ló rán mi wá, àtẹ̀gùn ẹnu ọ̀nà àwọn ti fọ́, sìmẹ́ǹtì àti iyanrìn sì wà nílẹ̀. Ẹni tó máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Mo ká ṣòkòtò, mo rẹ́ àtẹ̀gùn. Nígbà tí mo padà dé lọ́sẹ̀ kejì, ó ti ya, wọ́n ti fi pákó bo ojú ibẹ̀. Nọ́ọ̀sì wo àtẹ̀gùn, ó wò mí, ó sì lọ mú oògùn mi wá.

Oògùn yẹn ni mo fẹ́ sọ. Wọ́n ti ṣàlàyé fún gbogbo wa pé àwọn kan nínú wa ń lo ojúlówó, àwọn kan ń lo hóró tó jọ ọ́ tí kò sí oògùn nínú rẹ̀, pé aláìsàn ò mọ èyí tóun ń lò, nọ́ọ̀sì náà ò mọ̀. Èmi mọ tèmi. Kò pẹ́ tí mo fi ń sáré gun òkè ilé mi bí ọ̀dọ́. Inú wá bẹ̀rẹ̀ sí í bí mi. Oògùn tó dára tó báyìí, kí ni wọ́n ń dúró dè?

Lọ́jọ́ ìpàdé, Dókítà dìde, ó ní òun ò tíì mọ̀ bóyá oògùn náà ń ṣiṣẹ́, òun ò sì ní ta ohun tóun ò mọ̀ fún ọmọ aráyé. Gbogbo ilé kùn. Alága ní ká máa múra àtidìbò. Ìgbà yẹn ni mo rìn lọ síwájú, mo sọ fún wọn pé èmi alára ti ń lò ó, mo lóṣòó, mo dìde, mo tún un ṣe. Àwọn kan pàtẹ́wọ́. Mo ní wúrà ni obìnrin yìí ń fi pamọ́, kó máa tà á lọ́la tàbí ká kówó wa.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà," ló sọ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, "ẹ jẹ́ ká sọ eléyìí lẹ́yìn ìpàdé, èmi àtẹ̀yin nìkan."

Mo kọ̀. Mo ní níwájú gbogbo ilé ni kó ti dá mi lóhùn.

Ó mí kanlẹ̀. Ó ní nọ́ọ̀sì òun wá ra táyà ní ìsọ̀ mi lọ́sẹ̀ yẹn, ó sì dá bíríkìlà rẹ̀ mọ̀. Torí pé mo purọ́, wọ́n ti yọ mi kúrò nínú ìdánwò náà, wọ́n sì ti yẹ ohun tí mò ń lò wò.

"Ìyẹ̀fun ẹ̀gẹ́ ni sà, pẹ̀lú ṣúgà díẹ̀. Ẹ ò tíì fẹnu kan oògùn wa rí."

Ìyá tíṣà kan ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín, ni gbogbo gbọ̀ngàn bá gbà á. Dókítà ò rẹ́rìn-ín. Ó kọjú sí àwùjọ, ó ní: "Bí ìyẹ̀fun bá lè ṣe báyìí fún wọn, báwo ni mo ṣe fẹ́ tètè mọ ohun tí ewé ń ṣe?" Kò sẹ́ni tó tún dárúkọ ìbò. Èmi ń padà síbi ìjókòó mi, kí n sì tó débẹ̀, orúnkún ọ̀tún ti bẹ̀rẹ̀ sí í ro mí padà.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń bọ̀wọ̀ fún obìnrin yẹn dọ́kàn. Ohun tó máa gba iṣẹ́ rẹ̀ là wà lọ́wọ́ rẹ̀, síbẹ̀ ó kọ́kọ́ fẹ́ bo àṣírí mi. Nígbà tí ìdánwò parí, ó hàn pé oògùn náà ń ran àwọn kan lọ́wọ́, kò sì ṣe nǹkan kan fún àwọn mìíràn. Bó ṣe rí gan-an ló ní kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ sára páálí rẹ̀. Èmi tí mò ń ta táyà mọ bó ṣe ṣòro tó láti sọ irú òótọ́ bẹ́ẹ̀ fún oníbàárà.

Mo kọ́gbọ́n: ohun tá a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bà jẹ́, ara ẹni náà sì lè purọ́ fúnni. Ṣùgbọ́n ìyàwó mi ò jẹ́ kí n gbàgbé. Bí mo bá ti di orúnkún mú, tí mo kérora, á kan yọjú láti ilé ìdáná, á ní: "Baálé mi, ṣé kí n ro láfún?"