Ìyàwó Tí Aláwàdà Fẹ́ ní Ìparí Eré

Ẹjọ́ kan wọ gbọ̀ngàn baálẹ̀ Valdecardos lánàá, nígbà tí ìyàwó baálẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bu ọbẹ̀ ọ̀sán sí àwo, ọbẹ̀ náà sì tutù pátápátá kí ẹjọ́ tó jáde. Doña Melchora Pedraza ni olùpẹjọ́. Opó ni, òun sì ni ọ̀gá ẹgbẹ́ òṣèré tí ó ti ń ṣeré láti ọ̀sẹ̀ méjì nínú àgbàlá ilé-èrò ìlú náà. Bricio Tordera, aláwàdà ẹgbẹ́ rẹ̀, ni ó pè lẹ́jọ́: ọkùnrin kúkúrú tí ikùn rẹ̀ máa ń wọlé ṣáájú rẹ̀. Ó dé fìlà ńlá kan tí a fi ìyẹ́ ẹyẹ ṣe lọ́ṣọ̀ọ́, gbogbo ìlú sì mọ̀ pé ọ̀dọ́mọkùnrin tí ń ṣe olólùfẹ́ nínú eré ni ó ni fìlà náà.

Baálẹ̀, Don Fadrique Manzanedo, bi olùpẹjọ́ pé kí ni aláwàdà fi ṣe é.

"Ó fẹ́ mi níyàwó, Baálẹ̀."

"Ìyẹn kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀."

"N kò mọ̀ sí i."

"Níbo ni o wà nígbà tí ó ń fẹ́ ọ?"

"Mo wà níbẹ̀, Baálẹ̀. Èmi gan-an ni mo ń dá a lóhùn."

Àwọn ìgbìmọ̀ ìlú tí wọ́n jókòó ti baálẹ̀ wo ara wọn lójú. Baálẹ̀ ní kí ó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ náà láti ìdí, nítorí pé láti orí ni ó ti gbé e.

Melchora sì rò ó. Ta ni kò mọ bí eré ṣe ń parí? Ọmọ ọlọ́lá á fi ọwọ́ lé ọmọbìnrin ọlọ́lá lọ́wọ́, ìránṣẹ́kùnrin á fi ọwọ́ lé ìránṣẹ́bìnrin lọ́wọ́, kálukú á lọ sílé. Ní Ọjọ́ Ìsinmi tí ó kọjá, ohùn Jusepa, ẹni tí ń ṣe ìránṣẹ́bìnrin, há pátápátá. Melchora fúnra rẹ̀ wọ aṣọ ìránṣẹ́bìnrin, ó sì bọ́ sórí ìtàgé. Nígbà tí ó di ìparí, ó yẹ kí Bricio wí pé òun, Pocasopa ìránṣẹ́, fi ọwọ́ òun fún Inés ìránṣẹ́bìnrin. Kò wí bẹ́ẹ̀. Ó na ọwọ́, ó kọjú sókè sí ojú fèrèsé tí àlùfáà ìjọ jókòó sí, ó sì fi ohùn tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ rí sọ pé òun, Bricio Tordera, mú Melchora Pedraza ní aya.

Ẹ̀rín díẹ̀ sọ nínú gbọ̀ngàn, ẹ̀rín náà sì kú. Wọ́n mọ òfin. Bí ọkùnrin àti obìnrin bá ti sọ níwájú àlùfáà ìjọ wọn àti ẹlẹ́rìí méjì pé àwọn mú ara àwọn, ó ti di yìgì. Àlùfáà kò tilẹ̀ ní láti la ẹnu. Ẹlẹ́rìí méjì kọ́ ni ó sì wà nínú àgbàlá náà. Ẹgbẹ̀rin ènìyàn ni.

Ọ̀kan nínú ìgbìmọ̀, Ginés Carrascosa tí ń fún òróró, tẹ ara síwájú. "Ìwọ ńkọ́, Doña Melchora? Kí ni o sọ?"

Ìbéèrè tí ó ti ń lé oorun lójú Melchora láti Ọjọ́ Ìsinmi nìyẹn. Ó wolẹ̀.

"Mo ní mo mú un, n kò sì ní kọ̀ ọ́ láé."

"Háà. Kí ló dé?"

"Ìlà tèmi ló kù, Bàbá. Ó ti sọ tirẹ̀, ìró ìparí ewì rẹ̀ ń dún ní etí mi, ó ń dúró de èkejì rẹ̀. Ogún ọdún ni mo ti ń jẹ nídìí iṣẹ́ yìí. Bí ẹnìkan bá na ìlà ewì sí mi, ẹnu mi á ti gbà á kí orí mi tó jí. Bí wọ́n bá fi ewì sọ fún mi pé wọ́n fẹ́ gbé mi kọ́ igi, n óò dá wọn lóhùn ní ìró kan náà."

"Ó sì dáhùn dáadáa," ni Bricio wí. "Melchora, jókòó, o ti sọ̀rọ̀ tó."

Melchora yí sí i wẹ́rẹ́. "Ta ni ò ń pè ní Melchora? Ní Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 'Ọ̀gá, ẹ kú iṣẹ́, ṣé mo lè jẹ egungun tó ṣẹ́kù' ni mò ń gbọ́ lẹ́nu rẹ."

Ohun tí ó ń bà á lẹ́rù kò ju ẹyọ kan lọ. Opó a máa fọwọ́ sí ìwé fúnra rẹ̀. Ẹni tí ó ní ọkọ, ọkọ rẹ̀ ní ń fọwọ́ sí i. Òṣèré mẹ́sàn-án, kẹ̀kẹ́-ẹrù méjì àti àpótí aṣọ kan ni ọkọ rẹ̀ olóògbé fi sílẹ̀ fún un, Melchora ni ó sì sọ wọ́n di ẹgbẹ́ tí ìlú ń dù láti rí. Ìwé àdéhùn eré ọdún Ara Olúwa, tí yóò wáyé ní Ọjọ́bọ̀, wà lórí tábìlì baálẹ̀ nísinsìnyí, ó ń dúró de orúkọ. Bí Bricio bá jẹ́ ọkọ, orúkọ Bricio ni yóò wọ ibẹ̀, ẹgbẹ́ náà á sì di ti Bricio. Láàárọ̀ Ọjọ́ Ajé ni ó ti jókòó sí ìdí tábìlì ọ̀gá, tí ó gba fìlà lórí olólùfẹ́, tí ó sì sọ fún ọmọkùnrin náà pé láti Ọjọ́bọ̀, òun Bricio ni yóò máa kọrin ìfẹ́ lábẹ́ fèrèsé.

Baálẹ̀ ní kí olùjẹ́jọ́ wí tẹnu rẹ̀. Bricio ṣí fìlà, ó tẹríba, ó tún un dé.

"Baálẹ̀, kí ẹ pẹ́ fún wa. Ẹ bi mí, ìyàwó mélòó ni mo ti fẹ́?"

"Mélòó?"

"Irínwó ó lé méjìlá. Láàárín ọgbọ̀n ọdún. Gbogbo eré ni mo ti ń gbéyàwó. Wọ́n á fi ọwọ́ wa sínú ara wọn, ayé á pàtẹ́wọ́, ìyàwó á bọ́ aṣọ eré, á gbọ̀nà ilé ọkọ rẹ̀ lọ. Nínú irínwó ó lé méjìlá ìgbéyàwó, Baálẹ̀, n kò jẹ ẹran ẹyọ kan. Mo wá bi ara mi pé, Bricio, ṣé gbogbo wọn ni yóò jẹ́ ti eré ni? Ọ̀kan ṣoṣo ni mo yọ nínú wọn."

"Ṣé o nífẹ̀ẹ́ obìnrin yìí?"

Bricio ronú. Ó jẹ́ olóòótọ́ níwọ̀nba. "Mo bọ̀wọ̀ fún un. Ṣùgbọ́n ọgbọ̀n ọdún ni wọ́n ti ń fi igi nà mí níwájú ènìyàn, tí mo ń ṣubú sínú ọpọ́n omi ẹṣin. Ẹ ò rí i bí omi náà ṣe máa ń rí ní oṣù Kejì. Mo sì wá wò ó pé, ọkọ ọ̀gá kì í ṣubú sínú ọpọ́n."

"Ìwọ ni o máa ń fò sínú rẹ̀," ni Melchora wí. "Mo ní kí o ṣubú lẹ́ẹ̀kan, o ṣubú lẹ́ẹ̀mẹta, nítorí wọ́n ń rẹ́rìn-ín."

Wọ́n pe àlùfáà, Fadá Toribio Galarza. Gbogbo ẹjọ́ rọ̀ mọ́ ọn: bí ó bá gbọ́, ìgbéyàwó dúró, bí kò bá gbọ́, ó fọ́. Àmọ́ bíṣọ́ọ̀bù ti ka eré orí ìtàgé léèwọ̀ fún àwọn àlùfáà rẹ̀, ojú Fadá sì ti pọ́n kí wọ́n tó bi í ní nǹkan kan. Ó ní òun kò lọ sí eré. Ilé òun ni òun wà, òun ń ka ìwé àdúrà lójú fèrèsé, fèrèsé náà ni ó kàn ṣe kòńgẹ́ àgbàlá eré.

Casilda Verdejo, ẹni tí ń ta ẹ̀wà díndín fún àwọn obìnrin tó jókòó sí àjà òkè àgbàlá eré, kò jẹ́ kí ó parí ọ̀rọ̀. "Fadá, ìwọ̀n méjì lẹ fi okùn fà sókè lọ́wọ́ mi. Ẹ jẹ ọ̀kan, ẹ da ìkejì lu ọ̀dàlẹ̀ inú eré lórí."

"Ẹ̀ṣẹ̀ ni mò ń bá wí," ni Fadá dáhùn.

Baálẹ̀ bi Casilda ohun tí òun náà gbọ́. Ó tún ìborùn rẹ̀ ṣe. Ó ní òun gbọ́ ọ yékéyéké, pé ohun tí Bricio sọ ni pé òun mú Casilda ní aya, àjà ni ó sì ń wò bí ó ti ń sọ ọ́. Òun ti sọ fún ìyá òun.

Ferrán Mojica, aránbàtà, olórí àwọn tí ń dúró wo eré ní ìsàlẹ̀, ní irọ́ ni Casilda pa, nítorí ẹnikẹ́ni kò lè gbọ́ orúkọ kankan.

"Kí ló fà á?"

"Èmi ni mò ń súfèé, Baálẹ̀."

"Ṣé eré náà kò dára ni?"

"Ó dára gan-an. Bí ó bá dára mo máa ń súfèé, bí kò bá dára mo máa ń súfèé. Bí mo bá dákẹ́, wọ́n á ní mo ti kú."

Baálẹ̀ kan tábìlì. Ó ní kí Fadá gbé ọwọ́ lé àgbélébùú, kí ó fi bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́ dáhùn: ṣé ó gbọ́ orúkọ méjèèjì? Melchora ń wo ẹnu Fadá bí ẹni ń wo ìkòkò tí ó fẹ́ bọ́ láti orí àdògán.

"Mo gbọ́," ni Fadá wí, "kí Ọlọ́run má sì jẹ́ kí bíṣọ́ọ̀bù gbọ́."

Bricio tún fìlà rẹ̀ ṣe. Ginés Carrascosa mí kanlẹ̀, ó sì rọra ti ìwé àdéhùn náà sí ọ̀dọ̀ aláwàdà. Melchora kò sunkún. Ó ń ka orúkọ àwọn òṣèré rẹ̀ lọ́kàn, ó ń wo ẹni tí yóò kọ́kọ́ fi ẹgbẹ́ sílẹ̀.

Ṣùgbọ́n baálẹ̀ ń wo ọkùnrin arúgbó kan tó wà ní igun. Nuflo Arce ni, ẹni tí ń jókòó sẹ́yìn aṣọ-títa tí ń rán àwọn òṣèré létí ọ̀rọ̀ wọn. Ìwé eré náà sì wà ní abíyá rẹ̀.

"Nuflo, lẹ́yìn tí wọ́n mú ara wọn tán, kí ni ó kàn?"

"Ìlà méjì ló kù, Baálẹ̀." Ó ṣí ìwé, ó sì kà á pé níbí ni ìtàn wa dópin sí, ẹ̀yin ènìyàn rere, ẹ dárí àṣìṣe wa jì wá.

"Ta ló ni ìlà náà?"

"Aláwàdà ni."

"Ṣé ó sọ ọ́?"

"Kò sọ ọ́. Mo rán an létí títí ohùn mi fi há. Ó ti bẹ́ sílẹ̀ láti orí ìtàgé, ó ń sáré lọ sílé Fadá láti dì mọ́ ọn."

Baálẹ̀ fara ti àga. Ó bi Ferrán aránbàtà, tí ó ti wo eré ju ẹnikẹ́ni lọ ní ìlú náà, bóyá ó ti rí eré tí ó parí láìtọrọ àforíjì. Ferrán ní kò sí irú rẹ̀. Bí wọn kò bá tíì tọrọ ọ́, òun kì í kúrò níbi tí òun dúró sí. Kódà ní Ọjọ́ Ìsinmi náà, òun dúró títí ilẹ̀ fi ṣú, òun kò sì mọ ohun tí òun ń dúró dè.

"Ó dára," ni baálẹ̀ wí. "Eré náà kò tíì parí. Ohun tí ẹnikẹ́ni bá sọ kí eré tó parí, ọ̀rọ̀ eré ni, ìbáà jẹ́ orúkọ ìyá rẹ̀ ni ó dá. Fadá gbọ́, àmọ́ eré ni Fadá gbọ́. Doña Melchora kò lọ́kọ. Ní ti ìwọ, Pocasopa ni ọ́ láti Ọjọ́ Ìsinmi, Pocasopa ni ọ́ lónìí. Ṣí fìlà ọlọ́lá kúrò lórí. Ìwọ ni yóò máa pọnmi fún ẹgbẹ́, ìwọ ni yóò máa gbé àpótí aṣọ gun kẹ̀kẹ́-ẹrù, orúkọ ìránṣẹ́ ni ìwọ yóò sì máa jẹ́ ní gbogbo ìlú tí ẹ bá wọ̀, títí ìwọ yóò fi sọ ìlà méjì náà lórí ìtàgé."

Bricio rí ihò kan, ó sì kó wọ inú rẹ̀. "Bí eré kò bá tíì parí, Baálẹ̀, ìránṣẹ́bìnrin náà ṣì jẹ́ àfẹ́sọ́nà mi."

"Ta ló ni ipò ìránṣẹ́bìnrin nínú ìwé, Nuflo?"

"Jusepa ni."

Jusepa dìde láti ẹ̀yìn. Ohùn rẹ̀ ti là láàárọ̀ ọjọ́ náà, apá rẹ̀ kò sì fìgbà kan ṣàìsàn. "Èmi nìyí, olówó orí mi," ni ó wí, ó sì ká ọwọ́ aṣọ sókè.

Bricio fi àga sí àárín àwọn méjèèjì. Ó ní òun ti ṣetán láti sọ ìlà méjì náà lójú ẹsẹ̀, nínú gbọ̀ngàn yìí, lórí tábìlì bí wọ́n bá fẹ́. Baálẹ̀ bi í pé ta ní ń sọ fún òṣèré ìgbà tí yóò sọ̀rọ̀. Aláwàdà yíjú sí Melchora, fìlà ti wà ní ọwọ́ rẹ̀.

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́. Nígbà wo la ó parí eré yìí?"

Melchora fa ìwé àdéhùn sọ́dọ̀ ara rẹ̀, ó ti kálámù bọ inú tàdáwà. "Ìparí náà kò tíì wù mí. A ó máa dán an wò. Bí mo bá darúgbó, tí mo bá sì rántí, n óò pè ọ́."

Ó kọ orúkọ rẹ̀, Melchora Pedraza, pẹ̀lú lẹ́tà kéékèèké tó tò léra wọn. Lẹ́yìn náà ni ó fi lẹ́tà tó tóbi ju ti orúkọ lọ kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ pé: OPÓ.