Bí Ìṣọ̀lá Ọmọ Abégúndé Ṣe Ṣẹ́gun Tábìlì Òǹtẹ̀

Ẹ yà lọ́nà, ẹ̀yin ẹlẹ́sẹ̀ wẹ́wẹ́, nítorí ẹni tí mo fẹ́ ròyìn rẹ̀ kì í ṣe ẹgbẹ́ ẹnikẹ́ni: Ìṣọ̀lá, ọmọ Abégúndé tí ó lu agogo iléèwé fún ọgbọ̀n ọdún tí kò ṣì í lù rí, ọmọ-ọmọ Látòṣà tí ó ṣọ́ bẹ́ǹṣì ilé ìwòsàn títí ikán fi tijú kúrò lára rẹ̀, Ìṣọ̀lá tí ń wọ yàrá bí ẹ̀fúùfù ọyẹ́, tí bébà ń gbọ̀n, tí gègé ń dọ̀bálẹ̀.

Òun ni ó ń gba òṣìṣẹ́ tuntun wọlé ní ọ́fíìsì ìforúkọsílẹ̀ ọmọ ní Òkè-Ìpín. Ohun ìjà rẹ̀ ni ìwé òfin mọ́kànlélógójì, tí ó máa ń kà ketekete láti orí òfin ìsinmi títí dé orí òfin ibi tí à ń gbé agboorùn sí. Ó kà á fún ẹni àkọ́kọ́, onítọ̀hún sùn. Ó kà á fún ẹnì kejì, onítọ̀hún sunkún. Ó kà á fún ẹnì kẹta, onítọ̀hún ní òun fẹ́ mu omi, a kò sì tíì rí i títí di òní. Nígbà tí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti fi iṣẹ́ sílẹ̀, ọ̀gá àgbà kìlọ̀ pé bí ẹnì kẹrin bá tún lọ, Ìṣọ̀lá fúnra rẹ̀ ni yóò jókòó sídìí òǹtẹ̀ títí yóò fi fẹ̀yìn tì. Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tí ó bá gbọ́n.

Ẹnì kẹrin náà ni Tinúadé, ọmọbìnrin tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde iléèwé gíga. Yàrá ẹ̀yìn ni wọ́n fi í sí, kí ó máa tẹ òǹtẹ̀ lu ìwé ẹ̀rí ìbí lórí tábìlì onírin kan tí ó ti kọjú sí ògiri láti ayébáyé. Bí a bá béèrè ìdí rẹ̀, wọn a ní bẹ́ẹ̀ ni àwọn ṣe bá a. Nígbà tí ọ̀sán pọ́n, Tinúadé gbé báàgì kọ́ èjìká, ó sì kúnlẹ̀ níwájú Ìṣọ̀lá.

“Ẹ má bínú, sà. Igba ìwé ni mo ti lu ní òǹtẹ̀ láti àárọ̀. Ta ni mò ń lù ú fún?”

Akọni ṣí ìwé òfin. Ó wo òkè, ó wo ìsàlẹ̀. Nínú òfin mọ́kànlélógójì, kò sí ọ̀kan tí ó fèsì.

Ó bẹ ọmọ náà kí ó dúró díẹ̀. Ó ká apá aṣọ, ó sì dojú kọ tábìlì.

“Alàgbà,” ni Ìyá Ṣíjúadé atẹ̀wé wí láìgbójú sókè, “tábìlì yẹn jù yín lọ. Ẹ kọ́kọ́ kí i.”

Ìjà dé! Ìṣọ̀lá tì í, ó kọ̀ bí ìyàwó tí wọ́n fẹ́ fún ọ̀lẹ. Ó fà á, tábìlì ké bí erin tí ó já sí kòtò. Ó há sẹ́nu ọ̀nà, bọ́tìnnì méjì lára aṣọ akọni fò lọ bí ọta ìbọn, títí ọmọ Abégúndé fi yí i sí ẹ̀gbẹ́, tí ó fà á jáde ní ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń gbẹ̀bí màlúù, tí ó sì gbé e kalẹ̀ sójú fèrèsé iwájú, níbi tí àwọn òbí ti ń gba ìwé.

Bíríkìlà kan ló dúró níbẹ̀, sìmẹ́ńtì ní irun, ọmọ ní apá. Tinúadé na ọwọ́ gba ìwé rẹ̀, ó bi í pé kí ni orúkọ ọmọ.

“Ọmọ́yájowó.”

Tinúadé lu òǹtẹ̀. “Ọmọ́yájowó,” ni òun náà wí. “Orúkọ yóò mọ́ ọn lórí.”

“Àmín, ìyá mi,” ni ọkùnrin náà dáhùn. Ó sì fún un ní ọmọ náà kí ó gbé e wò.

Báàgì bọ́ sílẹ̀ ní èjìká ọmọbìnrin náà. Nígbà tí wọ́n ń ti ilẹ̀kùn, Tinúadé béèrè aago tí wọ́n ń ṣí i lọ́la.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí a kéde rẹ̀ láti Òkè-Ìpín dé etí òkun: ọmọ Abégúndé ṣẹ́gun, ó sún tábìlì ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́sàn-án! Ẹsẹ̀ tábìlì kan ṣì ń mì díẹ̀. Akọni ká ìwé òfin mọ́kànlélógójì sí mẹ́rin, ó fi há a nísàlẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni ìwé òfin ti ń mú òṣìṣẹ́ dúró.